Àpótí Irinṣẹ́ Ọkọ̀ Ìjàpá gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn

Àrọ́bá ni baba ìtàn, ṣùgbọ́n ohun tí a lè fi ọwọ́ kàn a máa gbè é lẹ́sẹ̀. Irú ohun bẹ́ẹ̀ ni àwọn irinṣẹ́ tí ó wà fún ọkọ̀ àtijọ́. Àpẹẹrẹ kan ni ti Volkswagen tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ìjàpá, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní ọdún 1975.

Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú, kì í ṣe omi. Bí bẹ́líìtì tí ó ń yí fáànù rẹ̀ bá já, ẹ́ńjìnnì yóò gbóná kọjá ààlà. Nítorí náà, awakọ̀ nílò sípánà láti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ Hazet, tí Hermann Zerver dá sílẹ̀ ní Remscheid, Jámánì, ní ọdún 1868, ṣe àpótí irinṣẹ́ róbótó tí ó wọ àárín táyà àfirọ́pò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú. Àpótí yìí fi hàn pé awakọ̀ ìgbà náà ni mẹkáníìkì àkọ́kọ́ fún ọkọ̀ rẹ̀.

Ìwúlò irinṣẹ́ gan-an ni ó ń sọ ọ́ nù: a yá a, kò padà sílé. Ẹni tí ó bá ń wá a gbọ́dọ̀ yẹ àmì ilé-iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, nítorí àfarawé wà. Epo díẹ̀ ni kí ó fi nu ìpẹtà. Kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, kí àmì náà má baà parẹ́. Kí ó sì kọ ibi tí ó ti rí i sílẹ̀. Irinṣẹ́ tí ó kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀ láìní àkọsílẹ̀ ti di irin lásán.