Asọ̀rọ̀mágbèsì: Èsì Tí Wọ́n Fi Du Awólọ́wọ̀ àti Tẹlifíṣọ̀n Tó Ti Ibẹ̀ Jáde

Nígbà tí rédíò dé ilẹ̀ Yorùbá, kò pẹ́ tí àwọn àgbà fi fún un ní orúkọ tó bá ìṣe rẹ̀ mu. Wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í gba èsì. Ẹni tó jókòó tì í lè mi orí, ó lè pòṣé, ó lè fi í bú. Ẹ̀rọ náà kò ní í gbọ́, tirẹ̀ ni yóò máa bá lọ. Àwàdà wà nínú orúkọ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣèlú tó wúwo wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1953, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá asọ̀rọ̀mágbèsì pàdé ní ojúkorojú. Wọ́n fi rédíò dá a lẹ́bi, ó ní òun fẹ́ fèsì, wọ́n ní kò sí àyè. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, àti ẹ̀kọ́ kan tí Nàìjíríà kò tíì kọ́ tán títí di òní.

Kí rédíò tó dé, ìwé ìròyìn ló kọ́kọ́ gbé ohùn ìlú rìn. Ní ọdún 1859, Henry Townsend, oníwàásù ìjọ CMS, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹni tó mọ̀wé sì lè kà á sétí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ọwọ́ òyìnbó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà. Nígbà tí aáwọ̀ láàárín Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó gbóná dé góńgó, àwọn ará ìlú lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1867. Ìwé ìròyìn náà bá ọ̀ràn ọ̀hún lọ. Ìfọ́lé ni ìtàn pè é.

Ní ọdún 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà rédíò wọ inú ilé àwọn ènìyàn ní Èkó. Ìbàdàn gba tirẹ̀ ní ọdún 1939. Àpótí kékeré kan ni wọ́n ń fi sínú ilé. Ohun tí onílé lè ṣe sí i kò ju pé kí ó tan án tàbí kí ó pa á, nítorí wáyà kan ṣoṣo ló so mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń jáde láti inú rẹ̀ ló wá láti Lọ́ńdọ̀nù, láti ọ̀dọ̀ BBC. Nígbà tí ìjọba dá ilé-iṣẹ́ rédíò ti Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1951, ohùn àwọn ọmọ onílẹ̀ pọ̀ sí i lórí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba ni kọ́kọ́rọ́ ilé náà wà.

Bí ọ̀ràn ti rí nìyí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1953, nígbà tí Anthony Enahoro, ọmọ ẹgbẹ́ Action Group, dìde ní ilé aṣòfin ní Èkó. Ó dábàá pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní ọdún 1956. Àwọn aṣojú Àríwá kò fara mọ́ ọdún náà. Ahmadu Bello, Sardauna Ṣókótó, dábàá tirẹ̀ pé kí wọ́n yọ ọdún náà kúrò, kí wọ́n sọ pé òmìnira yóò dé ní kété tó bá ti ṣeé ṣe. Inú bí àwọn aṣojú Action Group àti ti NCNC, wọ́n dìde, wọ́n sì jáde kúrò nínú ilé.

Lẹ́yìn náà ni Gómìnà, Sir John Macpherson, bọ́ sórí rédíò. Ó di ẹ̀bi rògbòdìyàn náà ru ẹgbẹ́ Action Group. Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ náà, béèrè fún àyè lórí rédíò kan náà láti ṣàlàyé ti àwọn. Wọn kò fún un. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Lọ́jọ́ náà, gbogbo ẹni tó ń gbọ́ rédíò ní Nàìjíríà ni wọ́n sọ di agbẹ́jọ́ ẹnìkan.

Awólọ́wọ̀ kì í ṣe ẹni tí kò ní ẹnu rárá. Ó ti dá ìwé ìròyìn Nigerian Tribune sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti ọdún 1949. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀wé nìkan ni ìwé ìròyìn ń bá sọ̀rọ̀, àwọn tó sì mọ̀wé kò tíì pọ̀ nígbà náà. Àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti oko àti ìyá tó ń ta ata lọ́jà lè gbọ́ rédíò láìmọ a yàtọ̀ sí b. Ẹni tó bá ni rédíò ló ni etí wọn. Nítorí náà, nígbà tí òfin tuntun ti ọdún 1954 gba àwọn ẹkùn láyè láti dá ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwọn sílẹ̀, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Kò sì fẹ́ fi mọ sórí rédíò. Ó ní òun yóò gba ohùn, òun yóò sì gba àwòrán.

Ìjọba náà bá ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan, Overseas Rediffusion, dòwò pọ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ilé-iṣẹ́ WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ojú tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ rí lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán náà ni ti Aníkẹ́ Agbájé-Williams, orúkọ rẹ̀ kò sì kúrò nínú ìtàn láti ọjọ́ náà. Ìjọba sọ pé ilé-iṣẹ́ náà yóò ran ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ní ìpìlẹ̀, nítorí ìjọba yìí kan náà ló ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955.

Ilé-iṣẹ́ náà fi ara rẹ̀ yangàn pé òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ó yẹ kí a tún ọ̀rọ̀ yìí wò. Tẹlifíṣọ̀n kan ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní Mòrókò ní ọdún 1954, àwọn Faransé sì ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní Algiers ní ọdún 1956. Ohun tí Ìbàdàn lè fi yangàn láìsí àríyànjiyàn ni pé kò sí irú rẹ̀ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà kí tirẹ̀ tó dé, àti pé ìjọba tí àwọn aláwọ̀ dúdú fúnra wọn ń darí ló dá a sílẹ̀. Èyí tó láti fi gbéra ga. Àwọn ẹkùn yòókù kò sì fẹ́ gbẹ́yìn: Ìlà-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọjọ́ òmìnira, 1 oṣù kẹwàá ọdún 1960, ti Kaduna àti ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó tẹ̀lé e ní ọdún 1962.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò fi ẹ̀rọ nìkan sọ̀rọ̀. Ó kọ́ pápá ìṣeré ńlá sí Ìbàdàn ní ọdún 1960, ó sì pè é ní Liberty, ìyẹn Òmìnira. Ibẹ̀ ni ayé pé jọ sí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, nígbà tí Dick Tiger, ọmọ Igbo láti Amaigbo, gbèjà adé rẹ̀ lọ́wọ́ Gene Fullmer ti Amẹ́ríkà. Tiger ti gba adé náà lọ́wọ́ Fullmer ní San Francisco ní oṣù kẹwàá ọdún 1962. Wọ́n sì ti ta ọ̀mì ní Las Vegas ní oṣù kejì ọdún 1963. Ní Ìbàdàn, lẹ́yìn ìpele keje, àwọn tó dúró ti Fullmer ní kò gbọdọ̀ jáde mọ́. Ariwo sọ ní pápá. Ọmọ Igbo ni akọni, ìlú Yorùbá ló gbè é, gbogbo Nàìjíríà ló sì ni ayọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ojú inú wo ọjọ́ náà yóò rí i pé ilé ń jó lẹ́yìn àwọn òǹwòran. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, àwọn aṣòfin ti fi àga bá ara wọn jà ní ilé aṣòfin Ìbàdàn, ìjọba àpapọ̀ sì ti kéde ìjọba pàjáwìrì. Ladoke Akíntọ́lá, tó ti bá Awólọ́wọ̀ yapa, padà sórí àga Olórí Ìjọba ní ọjọ́ kìíní ọdún 1963. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìjà Tiger gan-an, 9 oṣù kẹjọ, wọ́n gé Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn kúrò lára ẹkùn náà. Awólọ́wọ̀ tí ìjọba rẹ̀ kọ́ pápá ọ̀hún kò sí lára àwọn òǹwòran. Ó ń jẹ́jọ́ ìdìtẹ̀ sí ìjọba ní Èkó. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ilé-ẹjọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí tẹlifíṣọ̀n àti rédíò tó dá sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà lè fi èsì du òun mọ́? Wọ́n di ti ẹni tó wà lórí àga. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ilé tí Awólọ́wọ̀ kọ́ láti fi bá gómìnà òyìnbó wí di ilé tí àwọn alátakò rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ láti inú rẹ̀, tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kò sì rí àyè fèsì níbẹ̀. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ti yí padà. Ìwà ẹ̀rọ kò yí padà.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965, wọ́n dìbò ní Ìwọ̀-Oòrùn. Èrú pọ̀ nínú ìbò náà, síbẹ̀ wọ́n kéde pé ẹgbẹ́ Akíntọ́lá ló wọlé. Nígbà tí Akíntọ́lá fẹ́ bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ọkùnrin kan tó di ìbọn mú wọ ilé-iṣẹ́ rédíò Ìbàdàn, ó sì fi tirẹ̀ rọ́pò téèpù tí wọ́n ti gbà sílẹ̀. Dípò ohùn Olórí Ìjọba, ohùn mìíràn ni àwọn ènìyàn gbọ́, tó ń ní kí Akíntọ́lá kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ìjọba. Ọlọ́pàá mú Wọlé Ṣóyínká lórí ọ̀ràn náà, ilé-ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀ ní oṣù kejìlá. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni ó fẹnu ara rẹ̀ sọ nínú ìwé pé òun ni.

Àwọn kan yìn ín, àwọn kan dá a lẹ́bi. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè sẹ́ ni pé ìbọn kì í wọ ilé rédíò níbi tí ọ̀nà èsì bá ṣí sílẹ̀. Nígbà tí ilé-ìdìbò di èké, tí rédíò sì ń gbé èké náà káàkiri, ìgboro ni èsì gbà jáde. Wọ́n ń da epo sí ara ènìyàn, wọ́n ń dáná sun ilé, orúkọ tí wọ́n sì fún un ni "wẹ́tìẹ̀". Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, Akíntọ́lá wà lára àwọn tí wọ́n pa.

Dick Tiger pàápàá kò bọ́ nínú ọ̀ràn èsì yìí. Nígbà ogun abẹ́lé, ó dúró ti Biafra. Kò ní rédíò, kò ní tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ní ìparí ọdún 1969, ó dá àmì ẹ̀yẹ MBE tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi dá a lọ́lá padà fún wọn, nítorí pé wọ́n ń ran ìjọba Nàìjíríà lọ́wọ́ nínú ogun náà. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ a máa fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fèsì.

Lẹ́yìn ogun, ìjọba ológun kó gbogbo tẹlifíṣọ̀n sábẹ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì sọ wọ́n di NTA. WNTV wà lára wọn. Nígbà tí ìjọba alágbádá dé ní ọdún 1979, àwọn ìpínlẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá tiwọn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń kọrin gómìnà tó bá wà lórí àga. Ọdún 1992 ni òfin tó gba àwọn aládàáni láyè jáde. Lẹ́yìn náà ni fóònù alágbèéká àti íntánẹ́ẹ̀tì dé, ó sì dà bí ẹni pé asọ̀rọ̀mágbèsì ti kú. Ẹ̀rọ kékeré inú àpò ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gba èsì.

Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí Twitter pa ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ rẹ́, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà. Ó lé ní oṣù méje kí wọ́n tó ṣí i, ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS sì dájọ́ lọ́dún náà pé ìtìpa ọ̀hún lòdì sí òfin. Ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè fi èsì du ààrẹ. Ààrẹ fi èsì du mílíọ̀nù ènìyàn. Ọ̀ràn Macpherson ló tún padà wá, tó kàn wọ aṣọ tuntun.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn yìí kò pa ògo Awólọ́wọ̀ rẹ́. Ẹni tí wọ́n fi èsì dù, tó fi ilé ẹ̀kọ́ àti ìròyìn dáhùn dípò igi àti òkúta, ó yẹ ní yíyìn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi dù ú ní ọdún 1953 kì í ṣe ẹ̀rọ. Àyè ni. Ẹ̀rọ ṣeé rà lọ́wọ́ òyìnbó. Àyè kò ṣeé rà, òfin àti ìwà ló ń dá a dúró. Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ ilé fún ohùn tirẹ̀, kò kọ́ ilé fún èsì alátakò, nígbà tí àga sì yí, onílé di àlejò lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀.

Lónìí, bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ kan jẹ́ ti àwọn ará ìlú ní tòótọ́, kí wọ́n má wo gíga òpó rẹ̀, kí wọ́n má sì wo dídán àwòrán rẹ̀. Kí wọ́n wo ìròyìn aago méje, kí wọ́n sì ka iye ìṣẹ́jú tí ẹni tó takò gómìnà fi sọ̀rọ̀. Níbi tí wọn kò bá ti rí ẹyọ kan, asọ̀rọ̀mágbèsì ṣì ń gbé ibẹ̀.