Ohun tó Ń Wu Àgbà

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin: ẹni tó bímọ, tó wo ọmọ dàgbà, ọmọ ni yóò wo òun náà nígbà tí agbára bá tán. Kò sí ọmọ Yorùbá tó ń bá òwe yìí jiyàn. Ohun tí mo fẹ́ ká yẹ̀ wò ni ohun tí à ń fún àgbà mu. Nígbàkúùgbà tí a bá pa òwe yìí, oúnjẹ ló ń wá sí wa lọ́kàn; oúnjẹ, oògùn, aṣọ, ibùsùn tó mọ́. A gbà pé àgbà tó bá ti rí ìwọ̀nyí ti rí gbogbo rẹ̀. Ọmọ rere ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ní èrò yìí, síbẹ̀ èrò náà kò tọ́ tán.

Ohun tí àgbà kò gbọdọ̀ ṣaláìní wà, ohun tó ń wù ú sì wà, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà lábẹ́ èyí, òun ni mo kà sí jù: ohun tó wu àgbà lọ́tọ̀, ohun tó wu àwa ọmọ láti ṣe fún un lọ́tọ̀. Ẹ wo ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún tí à ń ṣe ní Ẹgbẹ́dá, ní Ìdímù, ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n á ta kánópì dí títì, aṣọ ẹbí á kún ilẹ̀, olórin á máa ki ọmọ, á máa ki àna. Màmá tí à ń torí rẹ̀ ṣe é á jókòó sórí àga ńlá, wọ́n á pààrọ̀ aṣọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta, tó bá fi máa di aago mẹ́rin ó ti ń wá ibi tí yóò dùbúlẹ̀ sí. Kò sóhun tó burú nínú pé kí á yẹ́ òbí sí nígbà tó wà láàyè. Ó sàn ju kí á dúró de ọjọ́ ìsìnkú lọ. Ṣùgbọ́n ta ló bi Màmá bóyá ayẹyẹ ló wù ú?

Mo mọ ìyá kan ní Ìgàndò, ilé wọn kò jìnnà sí ilé ìwòsàn ìjọba. Gààrí ló tà ní ọjà Ìkòtún títí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e wá sí fúláàtì òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n gba ọmọ ọ̀dọ̀ tì í, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n sí yàrá rẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í wọ́n ọn. Ọmọ tó ń ṣe tó báyìí kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọlé lọ kí i lọ́sàn-án, ẹ ó bá a níbi tó ti ń fi kóńgò wọn ẹ̀wà tí wọ́n rà sílé. Á bù ú sínú ọ̀rá, á so ó, á tú u, á tún un wọ̀n. Ó ti sọ fún wọn láìmọye ìgbà pé ọjà ló wu òun. Àkọ́bí rẹ̀ á ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé a ò lè bọ́ yín ni?"

Ẹ kíyè sí ìdáhùn yẹn. Kì í ṣe ahun ló dí ìyá náà lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àìrówó. Ìtìjú ni. Orúkọ àwọn ọmọ ni wọ́n ń dáàbò bò, ìfẹ́ ọkàn ìyá wọn ni wọ́n sì fi ra orúkọ náà. Ìyàwó àbíkẹ́yìn rẹ̀ ló gbé tábìlì kékeré kan sí ẹ̀bá géètì níkẹyìn, ó kó iyọ̀, ṣúgà, mágì àti gààrí díẹ̀ lé e. Èrè rẹ̀ kò tó ra oògùn ọ̀sẹ̀ kan, nítorí èènì tí Màmá ń bù fún àwọn ọmọ tí wọ́n bá rán wá ra gààrí pọ̀ ju èrè lọ. Ẹsẹ̀ ṣì ń dùn ún, ẹ̀jẹ̀ ríru ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àdúgbò ti mọ orúkọ rẹ̀, òun náà sì mọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, kò sì gbàgbé iye rẹ̀.

Àwọn kan á ní ìfẹ́ ọkàn arúgbó, àṣà òyìnbó ni. Òótọ́ ni pé àwọn òyìnbó ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún un. Ní ọdún 1980 ni àwọn ará Arizona ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ Make-A-Wish, ti àwọn ọmọdé tí àìsàn líle ń bá jà. Ó tó ọdún 1997 kí P. K. Beville tó dá Second Wind Dreams sílẹ̀ ní Georgia fún àwọn tó ń gbé ilé ìtọ́jú arúgbó. Jeremy Bloom, tó ti fi eré orí yìnyín lọ sí ìdíje Olympic lẹ́ẹ̀mejì, dá Wish of a Lifetime sílẹ̀ ní 2008. Ẹgbẹ́ náà bọ́ sábẹ́ AARP, ẹgbẹ́ ńlá àwọn àgbàlagbà Amẹ́ríkà, ní 2020. Wọ́n á wá ọ̀rẹ́ tí àgbà ti rí kẹ́yìn láti ogójì ọdún, wọ́n á mú jagunjagun àtijọ́ lọ sí ibi ìrántí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á gbé ìyá àgbà gun ọkọ̀ òfurufú kí ó fi páráṣúùtì bọ́ sílẹ̀ bí ohun tó wù ú nìyẹn. Ohun tó wú mi lórí nínú iṣẹ́ wọn ni pé ìbéèrè ló ń ṣáájú: àgbà ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni bí àwọn iléeṣẹ́ tó ń gba owó ìtọ́jú arúgbó ṣe ń fi fọ́tò irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ polówó ọjà.

Ṣùgbọ́n ta ló ní a kò ní irú rẹ̀ nílé? Mélòó nínú àwọn Alhaja tó wà ní Alímọ̀ṣọ́ lónìí ló fi owó ara rẹ̀ lọ sí Mẹ́kà? Ọmọ ló san án fún ọ̀pọ̀ wọn. Owó Hajj ọdún 2025 lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà fún ẹnì kan, síbẹ̀ àwọn ọmọ kan dáwó jọ, wọ́n san án, nítorí ìyá wọn ti ń sọ láti kékeré wọn pé kí òun rí Káábà kí òun tó kú. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Jerúsálẹ́mù. Ohun tó wu ìyá fún odidi ayé rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún un yẹn. Àléébù wa ni pé èyí tó ní oyè lẹ́yìn, èyí tí aráyé yóò rí, ni a mọ̀ ọ́n ṣe. Èyí tí kò ní oyè, a kì í tilẹ̀ gbọ́ ọ.

Ọ̀kan nínú irú èyí tí a kì í gbọ́ ni ìwé kíkà, ó sì yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé, tí wọn kò pé 500,000 ní ọdún 1954, lé ní 800,000 láàárín ọdún kan. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan Alímọ̀ṣọ́ nítorí pé Èkó ni. Ó kàn án. Ẹkùn Ìkẹjà, tí Alímọ̀ṣọ́ wà nínú rẹ̀, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ló wà títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967. Àwa a máa fi ọdún 1955 yangàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó ti pé ọdún méjìlá lọ́dún yẹn, tó ti ń bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù lọ sọ́jà, àbúrò rẹ̀ ló wọ ilé-ìwé, òun kò wọ̀ ọ́. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí. Ó ti fi èrè ọjà rán ọmọ mẹ́fà ní yunifásítì, ọ̀kan nínú wọn sì lè jẹ́ dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù. Síbẹ̀ inú tàdáwà ló ń fi àtàǹpàkò bọ̀ ní báǹkì. Bí ẹ bá bi í ní ohun tó ń wù ú, kò ní dárúkọ Dubai. Á ní kí òun lè kọ orúkọ òun.

Ọkùnrin ará Kẹ́ńyà kan fi èyí han gbogbo ayé. Kimani Maruge ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Kẹ́ńyà sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní 2003, ó ní òun náà yóò lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní 2004 ó wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní ìlú Eldoret, ó ní ọdún òun jẹ́ 84, ó wọ ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ bí àwọn ọmọ yòókù, nítorí pé ó fẹ́ fúnra rẹ̀ ka Bíbélì. Ní 2005 ó sọ̀rọ̀ ní New York, ní ọ́fíìsì Àjọ Àgbáyé, lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ogun ìdìbò ọdún 2007 sí 2008 lé e nílé, ó sì di èrò ilé àwọn arúgbó ní Nairobi. Ibẹ̀ ni èmi fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Ilé náà fún un ní oúnjẹ àti ibùsùn, òun sì tún forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé mìíràn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ní kíláàsì kẹfà. Ó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2009 láì tíì parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ibùsùn kò pa ìfẹ́ ìwé lára rẹ̀.

Kí ló dé tí ìfẹ́ ọkàn fi lágbára tó bẹ́ẹ̀ lára ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kù díẹ̀? Ní 1976 ni Ellen Langer àti Judith Rodin tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Arden House, ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní Connecticut. Wọ́n sọ fún àwọn tó ń gbé àjà kan pé àwọn fúnra wọn ni yóò pinnu bí yàrá wọn yóò ṣe rí àti alẹ́ tí wọn yóò wo fíìmù. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ mú òdòdó kan, kí ó máa bomi rin ín. Wọ́n sọ fún àwọn tó wà ní àjà kejì pé nọ́ọ̀sì yóò ṣe ohun gbogbo fún wọn. Àwọn náà gba òdòdó, nọ́ọ̀sì ló ń bomi rin ín. Kò pẹ́, ara àwọn tó ń dá pinnu yá ju ti àwọn kejì lọ, inú wọn sì dùn jù. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ ìtàn yìí a máa fi kún un pé ikú wọn dín sí ìdajì. Ká ṣọ́ra níbẹ̀. Àwọn olùwádìí náà tún ìṣirò wọn ṣe ní 1978, wọ́n sì sọ pé ẹ̀rí ti ikú kò lágbára bí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́. Ti ìdùnnú àti ara yíyá ni a lè gbé ara lé, èyí nìkan sì tó.

Èyí ló mú mi padà sọ́dọ̀ òkété tí a fi sílẹ̀ nínú ihò. Ẹni tí à ń fún lọ́mú kì í yan ìgbà tí yóò mu ún. Bí a bá fi òwe náà mọ síbẹ̀, ọmọ ọwọ́ ni a sọ àgbà dà. Àwọn baba wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú agbo ilé, àgbà tí kò lè roko mọ́ ló ń parí ìjà, òun ló ń sọ ọmọ lórúkọ, òun ló mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀ odò. Oúnjẹ ọmọ ló ń jẹ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. Ilé oníyàrá kan-kan ti Ìkòtún àti fúláàtì Ẹgbẹ́dá kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Ìyá tí wọ́n mú wá láti Ọ̀yọ́ tàbí Ìjẹ̀bú wá wẹ ọmọ fún oṣù mẹ́ta, ó ti lo ọdún mẹ́wàá. Ohun tó wù ú ni kí ó rí ilé rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ríran. Òkú rẹ̀ ni wọn yóò gbé lọ pẹ̀lú áńbúláǹsì àti fèrè.

Ní ti ilé àwọn arúgbó, ọ̀pọ̀ ń sọ pé èèwọ̀ ni fún Yorùbá. Ó ti pẹ́ tó ti wà láàárín wa: ti ìjọba Èkó wà ní Yábàá, ti ìjọ Kátólíìkì Regina Mundi wà ní Mushin. Bí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ á gbé ìrẹsì, òróró àti ọṣẹ lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á ya fọ́tò. Kí wọ́n má ṣe dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ìrẹsì kan náà ni fún gbogbo wọn, ìfẹ́ ọkàn sì jẹ́ ti oníkálukú.

Ìjọba náà mọ ọ̀nà ìtọ́jú ju ọ̀nà ìfẹ́ lọ. Abala 16 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ní kí ìjọba pèsè ìtọ́jú arúgbó àti owó ìfẹ̀yìntì, abala 6 sì ní ẹnikẹ́ni kò lè tìtorí èyí pe ìjọba lẹ́jọ́. Èkìtì ṣe ohun tó yé mi: ní oṣù kẹwàá 2011, Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í san 5,000 náírà lóṣooṣù fún arúgbó tó ti pé ọdún 65. Ọ̀ṣun náà san 10,000 fún àwọn tí wọ́n pè ní Àgbà Ọ̀ṣun. Owó tí àgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà, tí kò tọrọ lọ́wọ́ ọmọ, ó lè fi ra ohun tó wù ú.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá wu àgbà ni yóò ṣeé ṣe. Ara lè má gbà á, owó lè má tó, ẹni tó fẹ́ rí lè ti kú. Kí á sọ òótọ́ fún un, kí á bi í ní èyí tó tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ni Àjọ Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbàlagbà, láti ìpinnu tí wọ́n ṣe ní oṣù kejìlá ọdún 1990. Nítorí pé ọjọ́ òmìnira wa ni, ìpàtẹ ológun àti àsíá ló ń gba gbogbo ọjọ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo bẹ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ àti ti Ìgàndò-Ìkòtún, àti àwọn pásítọ̀ àti lémọ̀ọ́mù àdúgbò: lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ rán àwọn ọ̀dọ́ láti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú ìwé àti bíírò, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n bi àgbà kọ̀ọ̀kan ní ohun kan ṣoṣo tó ń wù ú, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ti sọ ọ́, láì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá a dáhùn. Ẹni tó bá wù láti kọ orúkọ rẹ̀, ẹ wá tíṣà fún un kí ọdún tó parí.