Ṣẹ̀gilọlá: Lẹ́tà tí ó Di Ìbòjú Ẹ̀fẹ̀

Kí ìwé títẹ̀ tó dé ilẹ̀ Yorùbá, òru Ẹ̀fẹ̀ ni àwọn ará Kétu fi ń bá ọ̀bàyéjẹ́ wí; ẹni tí ó fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bojú kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìwé ìròyìn dé, lẹ́tà di ìbòjú. Láàrin ọdún 1929 sí 1930, Akéde Èkó ń tẹ lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú-Ẹgẹ́, obìnrin aláìsàn tí ó ń jẹ́wọ́ ìṣekúṣe ìgbà èwe rẹ̀. Ó ń sunkún ìrònúpìwàdà, síbẹ̀ adùn ń bẹ lẹ́nu rẹ̀ bí ó bá ń ròyìn àwọn ọkùnrin tí ó tàn jẹ.

Àwọn òǹkàwé kan gbà pé ènìyàn gidi ni. Bẹ́ẹ̀, Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ni ó ń kọ ọ́. Ó di ìwé ní ọdún 1930, ọdún mẹ́jọ ṣáájú ìwé ìtàn àkọ́kọ́ ti D. O. Fágúnwà.

Ní ilẹ̀ Ireland, Brian O'Nolan gbé irú ìbòjú kan náà wọ̀ ní ọdún 1941: An Béal Bocht, tí ó kọ ní èdè Irish, fi àwọn ìtàn ìgbésí-ayé tálákà ìgbèríko ṣe ẹlẹ́yà.  Ẹ̀fẹ̀ ti Thomas wọlé ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tí ó ń dá Ṣẹ̀gilọlá lẹ́bi, tí ó sì ń retí lẹ́tà tí ó kàn, ara rẹ̀ ni ó ń bá wí.