Aṣọ Ìkélé àti Aṣọ Títa: Ìtàn Kọ́tìnì àti Iná Nínú Ilé Wa

Àwọn àgbà ní aṣọ là ń kí, kí a tó kí ènìyàn. Bí a bá wọ pálọ̀ ní Ìwáyà, lẹ́bàá ọ̀sà níhìn-ín ní Èkó, kọ́tìnì ni ojú wa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Nínú ilé mìíràn, aṣọ kejì tún wà lókè kọ́tìnì: wọ́n so etí rẹ̀ méjèèjì mọ́ òkè fèrèsé, àárín rẹ̀ sì rọ̀ sílẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Níbo ni àṣà yìí ti wá? Kí ni èdè wa sì rí sọ nípa rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á ti orí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884, lẹ́yìn iṣẹ́ ọdún pípẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Nínú rẹ̀, aṣọ títa ni a pe àwọn aṣọ tí a fi ṣe àgọ́ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì; èyí tí ó pààlà sí ibi mímọ́ jùlọ ni a pè ní aṣọ ìkélé. Ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Aṣọ títa ni a nà láti bo ibi kan tàbí láti bu ẹwà kún un. Aṣọ ìkélé ni ó ń dá ojú dúró.

Nínú agbo ilé àtijọ́, ìkélé nìkan ni a nílò. Àwọn yàrá yí àgbàlá ká, fèrèsé kéré tàbí kí ó má sí rárá, ẹnu ọ̀nà sì ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹní tàbí aṣọ kan tó láti fi bo ẹnu ọ̀nà. Fèrèsé gbọọrọ ni ó sọ kọ́tìnì di dandan. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Sàró tí ó ti Sierra Leone dé àti àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil àti Cuba dé kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ sí Èkó, àwọn ọlọ́lá sì ń fi ohun èlò ilé Gẹ̀ẹ́sì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ní Yúróòpù ìgbà náà, aṣọ tí ó rọ̀ lókè fèrèsé jẹ́ àmì ọlá. Ìtànná àti èso tí àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́ ń so rọ̀ ni ó fara wé.

Àlejò ni àṣà yìí, ṣùgbọ́n kò ṣàjèjì sí ojú Yorùbá. Ẹni tí ń ká agbádá sí èjìká, tàbí tí ń wé gèlè, mọ̀ pé inú ìṣẹ́po aṣọ ni ẹwà wà.

Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ìjọba ní ilé há jù, afẹ́fẹ́ kò ráyè. Ní 1928 wọ́n dá ìgbìmọ̀ LEDB sílẹ̀, tí ó la àdúgbò tuntun sí Yábàá. Síbẹ̀, bí èrò ti ń pọ̀ sí i, ilé tí yàrá kọjú sí yàrá gbilẹ̀ káàkiri. Nínú yàrá kan ṣoṣo, aṣọ kan ni ó ń pààlà láàárín ibùsùn àti ibi tí àlejò ń jókòó. Aṣọ ìkélé tún padà dé!

Iná ńkọ́? Àtùpà àti àbẹ́là kì í bá aṣọ ṣọ̀rẹ́. Ìjọba dá NEPA sílẹ̀ ní 1972, ṣùgbọ́n nígbà ayé NEPA, bí wọ́n bá ti mú iná lọ, àbẹ́là ni ọ̀pọ̀ máa ń tàn. Aṣọ tí ó rọ̀ sún mọ́ àbẹ́là lè jó ilé. Gílóòbù nìkan ni ó lè bá a gbé, bí àwọn tí a ń so rọ̀ lórí okùn níbi òde àríyá. Òun náà kò gbọdọ̀ kan aṣọ, nítorí ó ń gbóná.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń lọ ra aṣọ ní ọjà Tejúoṣó, tí iná jó ní 2007, tí wọ́n sì ṣí tuntun rẹ̀ ní 2014, kí ó rántí ọ̀rọ̀ méjèèjì. Kí aṣọ títa wà lókè fún ẹwà; kí aṣọ ìkélé ṣeé fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí atẹ́gùn ọ̀sà lè wọlé. Ẹwà tí ó bá dí afẹ́fẹ́ mọ́ onílé, ìnira ni.