Èkó Ẹ̀pẹ́: Àwọn Àtìpó Etí Ọ̀sà, 1851 sí 1862

Gbogbo ẹni tí ó ti kọ́ ọmọ ní ìtàn Èkó rí ni ó mọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé gègé sílẹ̀ bí ó bá kan ọ̀rọ̀ Kòsọ́kọ́. Yóò kọ ọ́ pé ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ inú ọ̀sà, wọ́n yin àgbá lu Èkó, iná sọ nínú ìlú, Kòsọ́kọ́ sá, Akítóyè padà sórí oyè, a sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852. Ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni Kòsọ́kọ́ ṣì lo ogún ọdún láyé kí ó tó kú ní 1872, ó sì lo bí ìdajì rẹ̀ ní ìlú onílùú. Níbo ni ó sùn? Àwọn wo ni ó bá a lọ? Kí ni wọ́n ń jẹ? Ẹ̀pẹ́ ni ìdáhùn ìbéèrè wọ̀nyí wà, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n, ìlú Ẹ̀pẹ́ tí a ń wò lónìí kò lè yé e dáadáa.

Ìlú àjò kì í ṣe ohun titun sí Kòsọ́kọ́. Kí ó tó jọba ni ó ti fi Èkó sílẹ̀ rí, tí ó lọ fi Wídà ṣe ibùgbé, kí Akítóyè, arákùnrin bàbá rẹ̀, tó ránṣẹ́ pè é wálé. Ohun tí ó fi san oore yìí ni pé ó lé Akítóyè kúrò lórí oyè ní 1845, nínú ìjà tí a ń pè ní Ogun Olómirò. Akítóyè náà wá di àtìpó ní Abẹ́òkúta àti ní Àgbádárìgì. Bí ọ̀kan bá ti wà lórí ìtẹ́, ẹnìkejì a máa wò ojú onílé ẹlòmíràn. Nítorí náà, nígbà tí ó kan Kòsọ́kọ́ láti tún di ẹrù, ó mọ ohun tí ó ń wá: ìlú tí omi yóò gbé e dé, tí ọjà kò jìnnà sí, tí ọba tí ó ni ín kò sì fẹ́ràn àwọn ọ̀tá rẹ̀.

Ẹ̀pẹ́ ní gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni, abẹ́ Awùjalẹ̀ ni ó sì wà. Àwọn Ẹ̀gbá ni alátìlẹ́yìn Akítóyè, àwọn Ìjẹ̀bú sì ti bá Ẹ̀gbá jà rí. Awùjalẹ̀ kò sì fẹ́ kí Òyìnbó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ rẹ̀ rárá. Ọba tí Òyìnbó lé kì í ṣe ẹni tí irú Awùjalẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò tì ilẹ̀kùn mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí á rò pé ilẹ̀ òfìfo ni wọ́n bá. Àwọn Ìjẹ̀bú ti ń gbé Ẹ̀pẹ́ tipẹ́. Ìtàn wọn fi Hurakà ọdẹ ṣe olùdásílẹ̀ ìlú náà. Iṣẹ́ ẹja àti iṣẹ́ oko ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ní ìjòyè wọn, wọ́n sì ní òrìṣà wọn. Àwọn tí ó sì dé bá wọn kì í ṣe ìdílé kan tí ó ru ẹní lérí. Ọba ni, pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀, àwọn jagunjagun, àwọn oníṣòwò, àwọn ẹrú, àti àwọn Mùsùlùmí. Ẹni tí ó ṣáájú ogun wọn, Òṣòdì Tápà, ọmọ Nupe ni. Ó ti kúrò ní ìlú rẹ̀ láti kékeré kí ó tó di ẹni ńlá ní Èkó. Ní ti òun, Ẹ̀pẹ́ jẹ́ àjò lórí àjò.

Gbogbo wa ni a mọ bí àtìpó ṣe ń gbé ilẹ̀ Yorùbá. Àlejò a wá ilé ẹni tí yóò fi í hàn fún baálẹ̀, a ó fi ibi tí yóò kọ́lé sí hàn án, a ó fún un ní ilẹ̀ tí yóò fi dáko. Kò gbọdọ̀ tà á. Kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ẹni tí ó fún un. Ètò yìí rọrùn bí àlejò bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n kí ni a ó ti ṣe nígbà tí àlejò bá jẹ́ ọba, tí ó kó ìjòyè tirẹ̀ wá, tí ìbọn rẹ̀ sì pọ̀ ju ti onílé lọ? Lójú tèmi, ibí yìí ni gbòǹgbò gbogbo àríyànjiyàn tí ó wáyé ní Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn náà wà. Onílé rò pé òun gba àtìpó. Àtìpó rò pé ààfin òun ni ó kàn ṣí nípò padà.

Kòsọ́kọ́ kò sì kọ́kọ́ ní èrò pé òun yóò pẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1853, àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ ọkọ̀, wọ́n sì gbógun ti Èkó. Wọn kò rí i gbà. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, Akítóyè kú, a sì fi ọmọ rẹ̀, Dòsùnmú, joyè. Ọ̀nà ilé wá dí pátápátá.

Àdéhùn Ẹ̀pẹ́ ti ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854 ni ó sọ àgọ́ di ìlú. Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, ni ó lọ bá wọn ṣe é. Kòsọ́kọ́ gbà pé òun kò ní du Èkó mọ́, òun kò sì ní kó ẹrú ránṣẹ́ sí òkè òkun mọ́. Wọ́n gbà fún un pé Pálmà, tí í ṣe Orímẹdú, àti Lẹ́kí jẹ́ èbúté òwò rẹ̀, wọ́n sì ṣèlérí ẹgbàá orí owó ẹyọ tàbí ẹgbẹ̀rún dọ́là fún un lọ́dọọdún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí nọ́ńbà yìí bá dàrú mọ́ lójú, kí ó ṣírò rẹ̀ báyìí: ẹgbàá owó ẹyọ ni orí kan, orí mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan. Igba ọ̀kẹ́ owó ni. Kò pọ̀ jù fún ọba tí ó ti jẹ Èkó rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó náà ni ó bọ́ wọn, èbúté ni. Epo pupa ń bọ̀ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọjà Èjìnrìn kò jìnnà, ọ̀sà ni gbogbo wọn sì ń gbà. Ará Èkó tí ó ti mọ ọkọ̀ í tù àti òwò í ṣe láti ilé kò ní láti kọ́ iṣẹ́ titun ní Ẹ̀pẹ́. Omi kan náà ni.

Ohun tí wọ́n mú wá tí ó yí Ẹ̀pẹ́ padà jùlọ ni ẹ̀sìn. Púpọ̀ nínú àwọn Mùsùlùmí Èkó ni ó wà lẹ́yìn Kòsọ́kọ́, nígbà tí ó sì lọ, wọ́n bá a lọ. T. G. O. Gbadamosi tọ́ka sí èyí nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtànkálẹ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù láàrin àwọn Yorùbá, tí ó jáde ní 1978. Bí Ẹ̀pẹ́ ṣe di ọ̀kan nínú àwọn ibi tí Ìsìláàmù ti kọ́kọ́ rinlẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú nìyẹn. Kì í ṣe oníwàásù tí a rán níṣẹ́ ni ó gbé e dé ibẹ̀ bí kò ṣe àwọn tí ogun lé kúrò nílé.

Ní 1861 Dòsùnmú fi Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ní ọdún kejì rẹ̀, wọ́n gbà kí Kòsọ́kọ́ padà wálé, kì í ṣe bí ọba mọ́, bí kò ṣe bí ẹni ńlá tí ìjọba ń fún ní owó ìfẹ̀yìntì. Ní 1863 Pálmà àti Lẹ́kí bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà sì fa ogun dé Ẹ̀pẹ́ lọ́dún kan náà. Òṣòdì Tápà bá olúwa rẹ̀ padà sí Èkó, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì tẹ̀dó sí agboolé mọ́kànlélógún. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni a pe àdúgbò náà. Ẹ kíyèsí i: ọmọ Èkó ni púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà dé Èkó, ará Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n dà lójú ará ilé. Ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó náà kò sì yé fa ọ̀rọ̀. Ẹjọ́ tí ẹbí Òṣòdì ń rò lórí rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀n ní 1930, wọ́n sì ní láti ṣòfin fún ilẹ̀ náà lọ́tọ̀ ní 1947. Ibẹ̀ kan náà ni Abíọ́lá dúró sí ní oṣù Kẹfà ọdún 1994 tí ó fi kéde ara rẹ̀ ní Ààrẹ.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó padà. Àwọn kan ti ní ìyàwó, wọ́n ti bímọ, wọ́n ti sin òkú wọn sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn wọ̀nyí dúró, orúkọ tí a sì pè wọ́n ni Èkó Ẹ̀pẹ́, kí á má bàa kà wọ́n mọ́ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n bá nílé. Àwọn tí ó lọ ń jẹ́ Ẹ̀pẹ́ ní Èkó, àwọn tí ó kù ń jẹ́ Èkó ní Ẹ̀pẹ́. Ìyá kan náà lè bí méjèèjì. Láti ìgbà náà ni apá méjèèjì ti ń gbé ìlú kan, tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti oyè sì ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n tilẹ̀ ń fẹ́ ọmọ ara wọn, tí wọ́n sì ń ná ọjà kan náà.

Lọ́dọọdún, lẹ́yìn Iléyá, àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ a máa ṣe ọdún Kàyọ́-kàyọ́. Àwọn ọmọ wọn a wá láti ọ̀nà jíjìn, wọn a jẹ, wọn a mu, wọn a sì jó káàkiri ìlú. Ọjọ́ tí Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń rántí.