Iye Owó Kọ́ La Fi Ń Mọ Ẹja Tó Dára

Èrò kan ti mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lára débi pé wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́: pé ẹja ńlá olówó gọbọi ni ẹja tó ń ṣe ara lóore, pé ṣàwá, yòyò àti irú wọn wà fún ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò ká ẹja gidi, àti pé ẹja tí ojú ẹni kò bá mọ̀ lè ní májèlé nínú. Mi ò ní fi ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Èrò náà ní ìdí. Ṣàwá kún fún eegun wẹ́wẹ́, ó tètè ń bàjẹ́, òórùn rẹ̀ sì ń ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀nà. Ẹja tó ń pa ènìyàn náà sì wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí èrò ní ìdí kò sọ ọ́ di òtítọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó. Lóòótọ́ ni ṣàwá pọ́ọ́kú ju àrọ̀ tàbí ọ̀bọ̀kún lọ. Kí ló wá sọ ọ́ di pọ́ọ́kú? Ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ló ń rìn, àwọ̀n kan ṣoṣo sì lè kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Òróró pọ̀ lára rẹ̀, èyí tó ń mú kó tètè bàjẹ́, nítorí náà ẹni tó pa á gbọ́dọ̀ tètè tà á tàbí kó gbé e sórí iná. Ọjà tó pọ̀ tí kò sì ṣeé tọ́jú pamọ́ kò lè wọ́n. Ọ̀rọ̀ àwọ̀n àti ọ̀rọ̀ ọjà ni gbogbo èyí. Kò sí èyí tó bu ohun tó wà nínú ẹja náà kù. Inú òróró yẹn gan-an ni omega-3 wà, èyí tí àwọn kan ń lọ fi owó ńlá rà nínú ike oògùn ní kẹ́míìsì.

Ní ti púrótéènì, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹja ńlá àti kékeré kò tó èyí tí à ń pariwo lé lórí. Nínú 100 gíráàmù ẹja tí kò tíì gbẹ, nǹkan bíi gíráàmù 16 sí 22 ni púrótéènì, yálà ẹja náà tó apá tàbí kò ju ìka lọ. Níbi tí ìyàtọ̀ gidi wà, ẹja kékeré ló jàre. Ẹja ńlá, ẹran rẹ̀ là ń jẹ, eegun rẹ̀ di ti ológbò. Ẹja kékeré, teeguntegun là ń rún. Sàdíìnì inú agolo, tí í ṣe mọ̀lẹ́bí ṣàwá, ní nǹkan bíi mílígíráàmù 380 kálísíọ̀mù nínú 100 gíráàmù bí a bá jẹ ẹ́ teeguntegun. Epìyà tí a ti yọ eegun rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 10 lọ. Ẹni tó ń sọ pé "eegun lásán ni" kò mọ̀ pé eegun náà jẹ́ oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ orí ẹja tún wà níbẹ̀. Ní Bangladesh, ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní mola, tó kéré bí ìka. Nígbà kan, ọ̀pọ̀ olọ́sìn ẹja a máa da oògùn sínú adágún láti pa á dànù, wọ́n ní ó ń bá ẹja ńlá du oúnjẹ. Shakuntala Haraksingh Thilsted, onímọ̀ oúnjẹ tí wọ́n bí ní Trinidad, wà lára àwọn tó fi hàn pé fítámì A inú ẹja tí wọ́n ń pa dànù yìí pọ̀ gan-an, àti pé inú ojú àti ìfun rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù wà. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹja kéékèèké ló mú kí wọ́n fún un ní World Food Prize ní 2021. Ẹ wá wo bí a ṣe ń ṣe yòyò nílé tiwa. A rẹ ẹ́ sínú abọ́ omi gbígbóná, a fi èékánná já orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a fa ìfun yọ, a kó o dà fún adìyẹ. Mi ò sọ pé fítámì A inú yòyò tó ti mola o. Ẹja ju ẹja lọ, oòrùn tí a fi ń sá a sì ń dín fítámì náà kù. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí ẹni tó fi ara balẹ̀ béèrè ohun tó wà nínú orí náà kó tó já a sọnù.

Ní ti ọmọdé tí eegun lè há lọ́fun, ẹ̀rù yẹn tọ́. Kí a lọ ẹja gbígbẹ náà kúnná, kí a bù ú sínú ògì, ó parí. 

Nídìí ewu ni ẹsẹ̀ èrò yìí ti yẹ̀ pátápátá. Mẹ́kúrì inú omi, tó jẹ́ májèlé, máa ń wọ ara àwọn ohun wẹ́wẹ́ tí ẹja kékeré ń jẹ. Ẹja tó tóbi díẹ̀ yóò jẹ ẹja kékeré, òmíràn tó jù ú lọ yóò jẹ òun náà, mẹ́kúrì náà yóò sì máa kó jọ nítorí kì í tètè kúrò lára. Nítorí náà, ẹja tó tóbi, tó pẹ́ láyé, tó sì ń pa ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ ló ń ru ẹrù gbogbo wọn. Nínú àyẹ̀wò tí FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ṣe, ìpíndọ́gba mẹ́kúrì inú àkurákudà jẹ́ 0.979 nínú mílíọ̀nù kan. Ti sàdíìnì jẹ́ 0.013. Àkọ́kọ́ fi nǹkan bí ìlọ́po 75 ju ìkejì lọ, òun sì ni ẹni tó ń wo ìtóbi yóò sáré mú.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri lórí fóònù pé kí aboyún má fẹnu kan Titus. Òótọ́ ni pé FDA ní kí aboyún yẹra fún king mackerel, ẹja ńlá kan tí ìpíndọ́gba mẹ́kúrì tirẹ̀ jẹ́ 0.73. Àmọ́ Titus inú páálí, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní òkú Èkó, kì í ṣe ẹja yẹn. Atlantic mackerel ni lọ́pọ̀ ìgbà, 0.05 sì ni tirẹ̀. Àjọ kan náà tó ka ti àkọ́kọ́ léèwọ̀ ló kọ ti ìkejì sára èyí tó dára jù, pẹ̀lú sàdíìnì, epìyà àti ẹja àrọ̀, tó sì ní kí aboyún máa jẹ nǹkan bíi gíráàmù 225 sí 340 irú wọn lọ́sẹ̀. Ẹni tó ka ìdajì orúkọ ló gba ẹja lẹ́nu aboyún.

Èyí kò sọ pé Titus àti ṣàwá kò léwu rárá. Ewu tiwọn wà níbi tí a kì í wò: ẹja tí yìnyín rẹ̀ yọ́ láàárọ̀ nígbà tí iná lọ, tó wà nínú ooru títí di ọ̀sán, tí wọ́n tún wá dá padà sínú firísà nígbà tí iná dé. Nínú irú ẹja bẹ́ẹ̀, kòkòrò àìfojúrí lè ti ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní hísítámì, sísè tàbí díndín kò sì lè mú un kúrò. Ojú ẹni tó bá jẹ ẹ́ á pọ́n, ara á máa yún un, orí á máa fọ́ ọ, inú á ṣí. Yóò sì sọ pé ara òun kọ ẹja. Ẹja gbígbẹ tí wọ́n fín oògùn kòkòrò sí kí ìdin má bàa jẹ ẹ́ náà ń kọ́? Omi tí ẹja ti wá tún ṣe pàtàkì. Ní Minamata, ní Japan, níbi tí àìsàn tí mẹ́kúrì fà ti hàn sí gbangba ní 1956, mẹ́kúrì tí ilé iṣẹ́ Chisso dà sínú omi ba ẹja àti ìṣáwùrú tí àwọn apẹja ń jẹ lójoojúmọ́ jẹ́. Ẹja tí wọ́n mọ̀ bí ẹni mowó ni.

Ó ku ẹja àjèjì. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan òjíjí láàyè mọ̀ pé kì í ṣe ẹja eré. Iná tó ń jáde lára rẹ̀ lè tó fólítì 350. Nítorí èyí, àwọn kan kì í jẹ ẹ́, wọ́n ní ohun tó gbọn ènìyàn jìgìjìgì lóde kò lè ṣe inú lóore. Àmọ́ iná kì í ṣe májèlé. Ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ awọ ni òjíjí fi ń ṣe iná náà nígbà tó wà láàyè. Bó bá ti kú, tí a sì sè é jinná, ẹran ẹja ló kù.

A gbà pé ẹja kan wà tí kò yẹ kó dé ìkòkò. Èyí tó máa ń gbé omi mì títí ikùn rẹ̀ yóò fi wú rọ̀gọ̀dọ̀, tó sì wà nínú òkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà náà, lè ní oró tetrodotoxin nínú ẹ̀dọ̀ àti ẹyin rẹ̀. Iná kò pa oró yìí, kò sì sí oògùn tó ń pa á. Àmọ́ kì í ṣe nítorí pé ó ṣàjèjì la ṣe ń sá fún un. Àwọn ará Japan mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n ń jẹ ẹ́, síbẹ̀ ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ ṣe é tà fún oníbàárà.