Ìtàn Sọ́fítíwíà Ìgbohùnsílẹ̀, àti Èyí Tó Yẹ Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè tí ọ̀dọ́ olórin máa ń kọ́kọ́ bi pirodúsà ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, sọ́fítíwíà wo ló dára jù?" Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń fi dá a lóhùn, ìyẹn orúkọ èyí tí ẹ̀gbọ́n náà ń lò. Ìdáhùn yẹn kò tó. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn sọ́fítíwíà wọ̀nyí tí wọ́n ṣe fún gbogbo ènìyàn. Ẹnì kan ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́, ó wá ṣe irinṣẹ́ tí yóò fi ṣe é, títí di òní sì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ṣì rọ irinṣẹ́ náà lọ́rùn jù. Ẹni tó bá mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ̀ wá kò ní ṣòro fún un láti mọ èyí tó bá òun mu.

Téèpù ló ṣáájú. Ilé-iṣẹ́ AEG ní Jámánì ló gbé Magnetophon, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sórí téèpù, jáde fáráyé rí ní ọdún 1935. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ìmọ̀ náà dé Amẹ́ríkà, tí ilé-iṣẹ́ Ampex sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀. Ní ọdún 1957, Ampex ṣe ẹ̀rọ kan fún onígítà Les Paul, èyí tó pín téèpù kan ṣoṣo sí ọ̀nà 8. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yìí ni à ń pè ní tíráàkì. Gítà lè wà lórí ọ̀kan, ìlù lórí èkejì, ohùn lórí ẹ̀kẹta. Bí akọrin bá ṣi orin kọ, ohùn rẹ̀ nìkan ni wọn yóò tún gbà, gítà àti ìlù kò ní kúrò níbi tí wọ́n wà. Nígbà tó bá yá, ẹni tó ń ṣe míìsì yóò jókòó ti pátákó gbọọrọ kan, yóò máa fa tíráàkì kan sókè, yóò máa rẹ òmíràn sílẹ̀, títí gbogbo wọn yóò fi bára dọ́gba. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ ibì kan kúrò nínú orin, abẹfẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń gé téèpù, wọn yóò sì lẹ ojú ibi méjèèjì pọ̀.

Èkó náà mọ téèpù yìí dáadáa. Ní ọdún 1973, olórin Paul McCartney gbéra láti London wá sí sítúdíò EMI ní Wharf Road, Apapa, láti gba èyí tó pọ̀ jù nínú àwo Band on the Run sílẹ̀. Tíráàkì 8 ni ẹ̀rọ ibẹ̀ ní. Ní ọdún kan náà, sítúdíò tí onílù Ginger Baker dá sílẹ̀ ní Ikeja ní 16. Ṣùgbọ́n àwọn onílé rẹ́kọ́ọ̀dù ló ni irú ibẹ̀ tàbí tí wọ́n lágbára láti sanwó rẹ̀, àwọn náà ló sì ń pinnu olórin tí yóò wọlé. Ẹgbẹ́ jùjú tó bá rí ààyè wọlé ní láti ti ṣe ìdánrawò débi pé gbogbo wọn lè lu orin náà látòkèdélẹ̀ láìfọ́, nítorí aago ń lọ, owó sì ń lọ. Lójú tèmi, ìdí nìyí tí ìṣọ̀kan fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú àwọn àwo àtijọ́ wọ̀nyẹn.

Ìran kejì kò ní í ṣe pẹ̀lú téèpù rárá. Ní ọdún 1983, àwọn tó ń ṣe dùùrù oníná ní Amẹ́ríkà àti Japan fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀nà kan tí ẹ̀rọ wọn yóò máa gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n pè é ní MIDI. Dave Smith ti Sequential Circuits àti Ikutaro Kakehashi ti Roland ló ṣíwájú. Ohùn kankan kò sí nínú MIDI. Àṣẹ ló ń gbé kiri: tẹ kíì yìí, fi agbára báyìí tẹ̀ ẹ́, jẹ́ kó pẹ́ tó báyìí. Nítorí pé àṣẹ kò wúwo bí ohùn, kọ̀ǹpútà kékeré ìgbà náà lè gbà á láìlágbára púpọ̀. Nígbà tí Atari ST jáde ní ọdún 1985 tòun ti ihò MIDI lára, àwọn olórin ilẹ̀ Yúróòpù rọ́ lọ rà á.

Ìlú Hamburg ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ jù. Karl Steinberg àti Manfred Rürup dá ilé-iṣẹ́ Steinberg sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1984, wọ́n sì gbé Cubase jáde ní 1989. Ojú Cubase yẹn, tí àkókò ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, tí tíráàkì tò láti òkè wá sílẹ̀, ni ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà tún ń lò lónìí. Àwọn ará C-Lab tí wọ́n jọ ń figagbága ní àgbègbè kan náà ló ṣe Creator àti Notator, ibẹ̀ sì ni Logic ti jáde lábẹ́ orúkọ Emagic. Apple ra Emagic ní ọdún 2002, wọ́n sì dá ṣíṣe Logic fún Windows dúró. Ẹni tó ti kọ́ Logic lórí Windows nígbà náà ní láti ra kọ̀ǹpútà mìíràn tàbí kó kọ́ sọ́fítíwíà mìíràn. GarageBand, tí Apple gbé jáde ní 2004, jẹ́ àbúrò Logic. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ fi lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ wọ inú Logic láìsí wàhálà.

Ní California, àwọn ọ̀rẹ́ méjì, Peter Gotcher àti Evan Brooks, bẹ̀rẹ̀ ní 1984 pẹ̀lú títa ohùn ìlù tuntun fún ẹ̀rọ ìlù tí wọ́n ń pè ní Drumulator. Ilé-iṣẹ́ wọn di Digidesign. Sound Tools jáde ní 1989, Pro Tools sì tẹ̀ lé e ní 1991. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí kọ̀ǹpútà gba ipò téèpù pátápátá, iṣẹ́ yìí kò sì kéré. Ohùn tó dà bíi ti CD ń gba nǹkan bíi megabyte 5 ní ìṣẹ́jú kan lórí tíráàkì kan. Tíráàkì 4 fún orin ìṣẹ́jú 4 kọjá 80, bẹ́ẹ̀ sì ni megabyte 40 péré ló wà nínú dísíìkì ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ìgbà náà. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà gan-an kò lè dá ẹrù náà gbé, nítorí náà Digidesign ń ta káàdì tí wọn yóò kì bọ inú rẹ̀ kó lè ràn án lọ́wọ́. Pro Tools àkọ́kọ́ ní tíráàkì 4, owó rẹ̀ sì tó 6,000 dọ́là. Àwọn sítúdíò ńlá ló lè rà á, àwọn ló sì rà á. Nígbà tí "Livin' la Vida Loca" ti Ricky Martin gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní 1999, òun ni orin àkọ́kọ́ tó débẹ̀ tó jẹ́ pé inú Pro Tools ni wọ́n ti gbà á, tí wọ́n sì ti ṣe míìsì rẹ̀. Bí o bá fẹ́ gba iṣẹ́ ní sítúdíò ńlá lókè òkun, o ní láti mọ̀ ọ́n. Fún ẹni tó wà nínú yàrá rẹ̀ pẹ̀lú máíkì kan, mi ò rí ìdí tó fi yẹ kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ọdún 1996 ló ṣílẹ̀kùn fún mẹ̀kúnnù. Steinberg gbé Cubase VST jáde, kọ̀ǹpútà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọpọlọ ara rẹ̀ ṣe míìsì láìsí káàdì olówó gọbọi. Wọ́n tún yọ̀ǹda ìlànà VST fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe àfikún tirẹ̀, ìyẹn sọ́fítíwíà kékeré tó ń ṣiṣẹ́ nínú sọ́fítíwíà ńlá. Láti 1999, àfikún náà lè jẹ́ ohun èlò orin fúnra rẹ̀, bíi dùùrù tàbí fèrè tí kò sí níbì kankan àfi nínú kọ̀ǹpútà. Ohun tó kan akọ́ṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé Cubase, àti FL Studio òun Reaper tí a máa tó dé orí wọn, ń gba VST, Logic ń gba ìlànà mìíràn tí wọ́n ń pè ní AU, Pro Tools sì ń gba èyí tí wọ́n ń pè ní AAX. Àfikún ọ̀fẹ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ ń yìn lè má wọ inú tìrẹ.

Bẹ́ljíọ̀m ni èyí tó wọ ilé wa jù lọ ti wá. Didier Dambrin ti ilé-iṣẹ́ Image-Line ló kọ FruityLoops ní ọdún 1997. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ìlù lásán ni: àpótí kéékèèké 16 tò lórí ìlà kan, èyí tí o bá tẹ̀ ni ìlù yóò dún lé lórí, ìlà náà yóò sì máa yí po. Ọmọ ilé-ìwé tó bá tẹ àpótí mẹ́rin ti gbọ́ bíìtì tirẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Windows lásán ló nílò, kọ̀ǹpútà alòkù sì lè gbé e. Ní Nàìjíríà, ọwọ́ dé ọwọ́ ló ń lọ lórí CD, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀. Burna Boy jẹ́ ọmọ ọdún 10 nígbà tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan fún un ní ẹ̀dà FruityLoops, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíìtì nìyẹn. Ẹnubodè tí onílé rẹ́kọ́ọ̀dù ń ṣọ́ ní Apapa ti wó. Àwọn ọmọ tí sítúdíò kankan kò ní jẹ́ kí wọ́n wọlé ló mú orin wa dé gbogbo ayé. Inú mi máa ń dùn sí èyí ju gbogbo ohun yòókù nínú ìtàn yìí lọ.

Ní 2003 ni orúkọ náà yí padà sí FL Studio, ẹ̀dà Mac sì dé ní 2018. Ẹni tó bá rà á lẹ́ẹ̀kan, ọ̀fẹ́ ni ẹ̀dà tuntun rẹ̀ títí láé. Ṣùgbọ́n ìbí rẹ̀ ṣì hàn lára rẹ̀. Ẹ̀dà tó rọ̀ lówó jù, Fruity Edition, kò gba ohùn sílẹ̀. Akọrin ní láti ra Producer Edition. Ẹ̀dà ìdánwò rẹ̀ yóò jẹ́ kí o fi iṣẹ́ pamọ́, àmọ́ kò ní jẹ́ kí o tún un ṣí títí o fi sanwó.

Ìṣòro kan tún wà tó kan àwa gan-an. Àpótí 16 yẹn bá ìlù oníẹsẹ̀ mẹ́rin mu. Konkolo, tó ń ti ẹsẹ̀ 12 bọ̀, àti àwọn ìlù bàtá tí ẹsẹ̀ wọn ń wọ ara wọn, kò jókòó síbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe láti yí ètò náà padà, ìyẹn sì yẹ kó wà lára ohun tí ọmọ Yorùbá yóò kọ́kọ́ kọ́, kí àpótí náà má bàa máa kọ́ ọ bí a ṣe ń lùlù. Bẹ́ẹ̀ náà ni dùndún kì í dúró sójú kan bíi kíì dùùrù. Ó ń yọ̀ láti ohùn dé ohùn, bíi ohùn ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Auto-Tune, tí Andy Hildebrand ṣe ní 1997 lẹ́yìn tó ti fi irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ wíwá epo rọ̀bì lábẹ́ ilẹ̀, ń fa ohùn lọ sórí kíì tó sún mọ́ ọn jù. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ le lórí orin Yorùbá, ohùn ọ̀rọ̀ lè ṣí nípò, kí ọ̀rọ̀ náà sì di òmíràn létí ẹni tó gbọ́ èdè. Dẹ̀ ẹ́.

Ableton Live jáde ní Berlin ní 2001 láti ọwọ́ àwọn tó fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà lọ sórí ìtàgé. Bí o kò bá ní in lọ́kàn láti lò ó lójú agbo, o lè fò ó ná.

Àwọn tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tàbí tó súnmọ́ ọ̀fẹ́ ni mo fẹ́ kí akọ́ṣẹ́ wò dáadáa. Dominic Mazzoni àti Roger Dannenberg bẹ̀rẹ̀ Audacity ní yunifásítì Carnegie Mellon, ó sì jáde fún aráyé ní 2000. Ẹni tó fẹ́ gba ìwàásù, ètò rédíò, tàbí oríkì tí màmá àgbà ń kì kó tó di ohun ìgbàgbé, kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún míìsì orin, ó ti pẹ́ kó tó gbọ́n: títí di ẹ̀dà 3.2 ní 2022, bí o bá fi ìró àfikún sí ohùn, ara ohùn náà ló ń wọ̀ lọ. Reaper tún yàtọ̀. Justin Frankel, ẹni tó ṣe Winamp tí a fi ń gbọ́ orin lórí kọ̀ǹpútà, ló ṣe é. Ó fúyẹ́, ọjọ́ 60 ni wọ́n fún ọ láti fi gbogbo rẹ̀ ṣe ìdánwò, 60 dọ́là sì ni owó rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì máa rí owó ńlá nídìí iṣẹ́ náà. Fún akọrin ìjọ, ẹgbẹ́ onílù tàbí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba ọ̀pọ̀ máíkì lẹ́ẹ̀kan náà, òun ni mo máa ń tọ́ka sí. Ojú rẹ̀ kò fani mọ́ra lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àmọ́ láptọ́ọ̀pù tí kò lágbára púpọ̀ máa ń gbé e láìkọsẹ̀. Ẹni tí fóònù nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BandLab lọ́fẹ̀ẹ́.

Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo ìwọ̀nyí wà, mi ò rí àwíjàre fún ẹ̀dà jíjí mọ́. Kòkòrò kọ̀ǹpútà máa ń bá a wọlé, ó sì lè dákẹ́ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ oníbàárà wà lórí rẹ̀.

Kódà, ẹni tó sanwó náà lè bá ara rẹ̀ lójú títì. Greg Hendershott bẹ̀rẹ̀ sọ́fítíwíà orin kan, Cakewalk, ní 1987, ó dàgbà di Sonar, ilé-iṣẹ́ Gibson gbà á ní 2013, wọ́n sì kéde ní oṣù kọkànlá 2017 pé àwọn kò ṣe é mọ́. Ilé-iṣẹ́ BandLab ti Singapore ló rà á ní 2018, tó sì fi tọrẹ fún gbogbo ènìyàn. Àwọn tó ní iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún nínú rẹ̀ kò mọ̀, láàárín oṣù mélòó kan yẹn, bóyá wọn yóò tún rí i ṣí. Ní 2023, Bitwig àti PreSonus, ilé-iṣẹ́ méjì tí àwọn náà ń ṣe sọ́fítíwíà ìgbohùnsílẹ̀, gbé irú fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní DAWproject jáde, kí iṣẹ́ lè máa ti inú sọ́fítíwíà kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn tó gbà á kò tíì pọ̀. Fáìlì ohùn WAV, tí Microsoft àti IBM ṣe ní 1991, ni gbogbo wọn ṣì ń gbà. Nítorí náà, bí orin kan bá ti parí, yọ tíráàkì kọ̀ọ̀kan ní WAV, kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ orin náà, kọ ìyára orin sára orúkọ fóldà, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà kan síta kọ̀ǹpútà náà.